Mítà Ní Ìmọ́lẹ̀ Wà, Ẹ̀rọ Ní Òkùnkùn Ni

Ìgbà kẹtàdínlógún tí Bàbá Wáyà máa gun àtẹ̀gùn láàbù lọ́sẹ̀ yẹn, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ìlẹ̀kùn tí wọn ò fún lépo. Ó dúró lójú àtẹ̀gùn kẹjọ, ó fọwọ́ ti ògiri, ó mí kanlẹ̀. Mítà kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ ọ̀tún, àpò irinṣẹ́ wà ní tòsì. Ọjọ́bọ̀ ni. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ti ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, tó ń ti ilé ńlá kọjá àgbàlá lọ sí láàbù, tó ń ti láàbù kọjá àgbàlá padà sí ilé ńlá, gbogbo ìrìn náà ò sì tíì já sí nǹkan kan.

Ilé ìwòsàn ni ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ilé ńlá alájà mẹ́rin ni ibi tí àwọn dókítà wà. Láàbù dá dúró ní òdì kejì àgbàlá. Tí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn, láàbù ni wọ́n ń gbé e lọ. Tí láàbù bá yẹ̀ ẹ́ wò tán, wọ́n á tẹ èsì sínú kọ̀ǹpútà, ọwọ́ wọn ò ní tíì kúrò lórí ẹ̀rọ tí dókítà á ti máa kà á nínú yàrá tirẹ̀. Ohun tó ń gbé èsì yìí kọjá ni okùn gíláàsì kan, tín-ín-rín bí irun orí, tí wọ́n sin sábẹ́ àgbàlá. Ní ìpẹ̀kun okùn náà níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, irin kékeré kan wà tó gùn tó ìka àárín, tí wọ́n tì bọ ihò ẹ̀rọ. Tiransíífà lorúkọ tó wà lára páálí rẹ̀, àmọ́ ta ló ráàyè ìyẹn? "Ìka" ni gbogbo wọn ń pè é. Iná mànàmáná ni èdè tí kọ̀ǹpútà gbọ́, ìmọ́lẹ̀ nìkan ló sì lè gba inú gíláàsì kọjá. Ìka tó wà níhìn-ín á sọ iná di ìmọ́lẹ̀, á jù ú sínú okùn; ìka tó wà lọ́hùn-ún á hán an, á sọ ọ́ padà di iná. Ògbufọ̀ ni wọ́n. Bí ògbufọ̀ bá sì dákẹ́, ọba méjì á kàn jókòó máa wo ara wọn lójú ni.

Kó tó di Bàbá Wáyà, òjíṣẹ́ ni. Ọdún mẹ́fà gbáko ló fi ń gbé ìwé èsì láti láàbù lọ sí ilé ńlá, lójò lẹ́ẹ̀rùn, tí ìwé á wà lábẹ́ aṣọ rẹ̀ kó má bàa tutù, tí àwọn dókítà á sì máa jágbe mọ́ ọn pé ibo ló ti ń bọ̀ láti àárọ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wá fa okùn gíláàsì, òun ni wọ́n ní kó bá wọn di àkàbà mú. Ó di àkàbà mú, ó sì ń bi wọ́n ní ìbéèrè títí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi sú wọn. Èyí tó wà lókè àkàbà ní, "Bọ̀dá, ẹ kúkú gòkè wá kẹ́ ẹ ṣe é fúnra yín." Eré ni ọkùnrin yẹn ń ṣe o. Bàbá Wáyà gòkè lóòótọ́, kò sì tíì sọ̀ kalẹ̀ láti ìgbà náà. Ọdún kọkànlá rèé. Òun ni ọ̀gá ẹ̀ka wáyà, òun náà sì ni gbogbo òṣìṣẹ́ ẹ̀ka wáyà.

Ìyá ìyàwó rẹ̀ ò mọ̀ ju pé ọkọ ọmọ òun ń ṣiṣẹ́ iná. Ìgbàkígbà tó bá ń bọ̀ wá kí wọn, á ti gbé áyọ́ọ̀nù tó bàjẹ́ dání. Bí Bàbá Wáyà bá ní, "Màmá, kì í ṣe iná yìí ni mò ń ṣe, ìmọ́lẹ̀ ni," ìyá á ní, "Ó dáa, bá mi wo ìmọ́lẹ̀ inú áyọ́ọ̀nù náà."

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí à ń wí yìí, ooru mú ìka tó wà ní ilé ńlá títí ó fi kú. Kò ṣòro. Ìka ń kú, wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀. Bàbá Wáyà lọ sí sítọ̀, ó mú méjì. Ìdí tó fi mú méjì ni pé méjì méjì ni irú ìka wọn ń rìn. Okùn méjì ni wọ́n sin níbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan fún lílọ, ọ̀kan fún bíbọ̀. Àwọn tó wá gbẹ́ kòtò páìpù já ọ̀kan, wọ́n da yẹ̀pẹ̀ bò ó, wọ́n gbọnwọ́ nù. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń ra irú ìka tí lílọ àti bíbọ̀ ń gba okùn kan ṣoṣo, tọkọtaya ni wọ́n sì máa ń tà wọ́n. Fúnra Bàbá Wáyà ló máa ń fi rọ́bà di méjì méjì pọ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọn dé. Bó bá ti rí rọ́bà lára méjì, ó mọ̀ pé tọkọtaya nìyẹn. Tí ọ̀kan bá sì kú, méjèèjì ló máa ń pààrọ̀. Ó ní bí bàtà ẹsẹ̀ kan bá já, ẹnikẹ́ni kì í ra ẹsẹ̀ kan.

Ó yọ òkú ìka nílé ńlá, ó ti tuntun bọ̀ ọ́. Ó rìn lọ sí láàbù, ó yọ èyí tó ṣì dáa níbẹ̀, ó fi ìdérí rẹ̀ dé e, ó tọ́jú rẹ̀ sínú àpò irinṣẹ́, ó ti tuntun kejì bọ̀ ọ́. Iná kékeré aláwọ̀ ewé tó yẹ kó tàn lójú ẹ̀rọ ò tàn.

Ó nu orí okùn. Kò tàn. Ó padà lọ sí ilé ńlá, ó nu ti ibẹ̀ náà. Kò tàn. Ní Ọjọ́rú, ó padà sí sítọ̀, ó mú méjì mìíràn tí rọ́bà di pọ̀. Kò tàn. Ó wá sọ fún ara rẹ̀ pé tọkọtaya méjì kò lè kú pọ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní kì í ṣe ìka ló ń ṣe é. Ibẹ̀ ló ti gba ọ̀nà tí kò lójú lọ. Ó gbé mítà jáde. Mítà yìí, orí okùn ni wọ́n ń tì bọ̀ ọ́, á sì sọ bí ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ ṣe lágbára tó, torí ojú èèyàn ò lè rí ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún, ẹni tó bá sì tẹjú mọ́ ọn ń wá ìfọ́jú ni. Mítà ní láàbù ní ìmọ́lẹ̀ ń dé láti ilé ńlá, ó sì le bí ọ̀sán. Mítà ní ilé ńlá ní ìmọ́lẹ̀ ń dé láti láàbù. Àmọ́ bó bá ti yọ mítà, tó ti okùn padà sínú ìka, tó wo ohun tí ẹ̀rọ kọ, ẹ̀rọ á ní: kò sí ìmọ́lẹ̀.

"Irọ́ lò ń pa!" Bàbá Wáyà pariwo mọ́ ẹ̀rọ. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀n ọ́n ni!"

Ọ̀gá láàbù, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́ tó fi ń fa ẹ̀jẹ̀, yọjú láti ẹnu ọ̀nà.

"Bàbá Wáyà, ṣé ẹ̀rọ lẹ̀ ń bá jà ni àbí èmi?"

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Nǹkan yìí ń yọ mí lẹ́nu ni."

"Ó ń yọ yín lẹ́nu, àwa ńkọ́? Láti àná ni wọ́n ti ń pè wá láti wọ́ọ̀dù pé èsì dà, èsì dà, bí ìgbà tá a jẹ wọ́n ní gbèsè." Ó na ìwé bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i. "Ẹ ṣáà ń padà síbẹ̀. Ẹ bá mi kó wọn dání."

Bàbá Wáyà wo ìwé náà, ó wo ojú obìnrin náà. Ọ̀gá láàbù ò fi ṣẹ̀fẹ̀. Ó gbà á. Ó gbé ìwé èsì kọjá àgbàlá bó ṣe máa ń gbé e lọ́dún kẹtàdínlógún sẹ́yìn.

Kò tíì dé orí àjà kejì tí Alákòóso ilé ìwòsàn fi ránṣẹ́ pè é. Ọkùnrin yìí kéré sí i lọ́jọ́ orí, kì í pariwo. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi ń já èèyàn jẹ.

"Bàbá Wáyà, ẹ jókòó. Kí ni mo rí lọ́wọ́ yín yẹn?"

"Èsì láàbù ni, sà."

"Ẹ̀yin lẹ wá ń gbé e kiri báyìí?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó dáa bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ tètè mọ ọwọ́ ẹ̀. Mo ti bá ilé iṣẹ́ kan níta sọ̀rọ̀. Ẹni wọn ń bọ̀ ní agogo mẹ́ta ọ̀la. Tí láàbù ò bá tíì sopọ̀ nígbà náà, wọn ni màá kó gbogbo wáyà ilé yìí fún. Ẹ̀yin á padà sídìí iṣẹ́ tí a fi gbà yín."

"Iṣẹ́ òjíṣẹ́, sà?"

"Ṣé iṣẹ́ ọba ni a fi gbà yín ni?" Ó ti ìwé kan sí i níwájú. Kúẹ́rì ni: kí ló fà á tí láàbù fi wà lókùnkùn láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun? Kó fèsì kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì.

Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ rí ojú rẹ̀, kò bi í léèrè kankan títí ó fi jẹun tán. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ tún un sọ kí n gbọ́. Ìmọ́lẹ̀ yẹn, ẹ̀yin ò rí i?"

"Kò sẹ́ni tó lè rí i."

"Ẹ̀rọ náà ò rí i?"

"Ó ní òun ò rí i."

"Mítà nìkan ló rí i."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ ju mítà yẹn sọnù. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo kì í dájọ́."

Ó dà bí ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, àmọ́ Bàbá Wáyà ò rẹ́rìn-ín. "Mo ti yá mítà mìíràn lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi. Ohun kan náà ló sọ. Ṣé o mọ ohun tó ń dùn mí? Kì í ṣe pé mi ò lè gbé ìwé. Mo ti gbé e rí. Èyí tó ń dùn mí ni pé mo ṣe gbogbo nǹkan bó ṣe yẹ. Gbogbo ẹ̀ pátá! Tí mo bá rí ibi tí mo ti ṣì í ṣe, màá fọwọ́ gbá ara mi létí, ó tán."

Ìyàwó rẹ̀ kó abọ́ kúrò níwájú rẹ̀. "Ẹ lọ sùn. Tílẹ̀ bá mọ́, ẹ lọ wá ibi tẹ́ ẹ máa gbá létí."

Ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì mọ́. Ó pààrọ̀ ihò ẹ̀rọ. Ó pààrọ̀ okùn kúkúrú tó so ògiri mọ́ ẹ̀rọ. Ó tún ẹ̀rọ tàn láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì gba èébú lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ ò ní tán léèékánná. Ó nu, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó wọ̀n, ó tún nu. Agogo méjì lù, ó kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bàbá Wáyà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá ẹ̀rọ láàbù, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó sì gbà fún Ọlọ́run.

Ohun kan ṣoṣo ló kù lọ́kàn rẹ̀: kí àwọn ará ìta yẹn má bàa dé kí wọ́n wá máa sọ pé ó ti kó ohun èlò ilé iṣẹ́ dà sápò. Ó ní kí òun dá ohun gbogbo padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó yọ ìka tuntun. Ó wá inú àpò irinṣẹ́, ó rí ìka àtijọ́ tó yọ ní láàbù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ṣí ìdérí rẹ̀, ó tì í bọ ihò. Ó ti okùn mọ́ ọn. Ó dìde, ó ń wá òkú ìka ti ilé ńlá kó lè lọ dá òun náà padà.

Iná aláwọ̀ ewé tàn lójú ẹ̀rọ.

Ẹ̀yin èèyàn, ẹ rò pé inú rẹ̀ dùn? Inú bí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ! Ìka tó ti lo ọdún mẹ́ta ló ń bá tuntun tó wà nílé ńlá sọ̀rọ̀ láìjanpata, tí tuntun méjì tí wọ́n jọ wà nínú rọ́bà kan ò sì mọ ara wọn? Ó gbé tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ súnmọ́ ojú. Sítíkà funfun kan wà lára rẹ̀, nọ́ńbà sítọ̀ ni wọ́n kọ sí i gàdàgbà. Kò já mọ́ nǹkan kan lójú rẹ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó fi èékánná ṣí i. Abẹ́ rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí, wínníwínní. Ó kà á. Ó sáré sọ̀ kalẹ̀, ó gbàgbé pé orúnkún ń dun òun, ó kọjá sí ilé ńlá, ó tẹjú mọ́ ìkejì rẹ̀ tó wà nínú ihò níbẹ̀, ó ṣí sítíkà ìyẹn náà láìyọ ọ́. Ohun kan náà ni wọ́n kọ sí i.

Akọ méjì ni! Àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ kan ni akọ fi ń sọ̀rọ̀, abo ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Akọ kò lè gbọ́ ju àwọ̀ abo lọ, abo kò lè gbọ́ ju àwọ̀ akọ lọ. Bí wọ́n ṣe ń gba inú okùn kan kọjá láìkọlu ara wọn nìyẹn. Tí o bá wá fi akọ síhìn-ín, tó o tún fi akọ sọ́hùn-ún, àwọn méjèèjì á máa pariwo síra wọn tọ̀sán-tòru, kò sì sẹ́ni tó máa gbọ́ nínú wọn. Mítà ní tirẹ̀ kò mọ akọ, kò mọ abo. Ìmọ́lẹ̀ ṣáà ni ìmọ́lẹ̀ lójú tirẹ̀. Mítà ò purọ́, ẹ̀rọ ò purọ́.

Sítọ̀ ló gbà lọ. Ìyá Sítọ̀, obìnrin tó ń tọ́jú ẹrù ibẹ̀, kò tíì lò ju oṣù mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́, ó jókòó sáàárín selífù tó tò bí eyín tó pé, gíláàsì ojú rẹ̀ wà lórí imú.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Wáyà. Ẹ tún fẹ́ mú ìka ni? Ẹ máa parí wọn o."

"Ìyá Sítọ̀, ta ló tú rọ́bà ara àwọn ìka yìí?"

"Èmi ni. Ẹ ò rí bí wọ́n ṣe wà ni, rúdurùdu? Ti ibí lọ́tọ̀, ti ọ̀hún lọ́tọ̀, nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n kọ sára wọn ò bára mu. Mo tú gbogbo ẹ̀, mo kó èyí tí nọ́ńbà wọn bára mu síbì kan, mo tún fi rọ́bà dì wọ́n padà ní méjì méjì bẹ́ ẹ ṣe máa ń fẹ́ ẹ." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ṣé ẹ wá kí mi kú iṣẹ́ ni?"

Bàbá Wáyà fọwọ́ lu tábìlì. "Ọjọ́ mẹ́rin! Ìyá Sítọ̀, ọjọ́ mẹ́rin lẹ fi jẹ́ kí n máa gun àtẹ̀gùn bí ewúrẹ́! Akọ lẹ so mọ́ akọ!"

"Akọ kí ni? Irin ni mo so mọ́ irin o, ẹ má ba tèmi jẹ́!"

"Àwọn tí nọ́ńbà wọn ò bára mu yẹn ni tọkọtaya!"

"Ta ló sọ fún mi?" Ìyá Sítọ̀ dìde. "Ẹ kọ ọ́ síbì kan? Ẹ lẹ ìwé mọ́ ọn? Rọ́bà ni mo bá, rọ́bà ò sì lẹ́nu. Ìgbà mẹ́ta lẹ wá mú nǹkan ní sítọ̀ yìí láti ìgbà tí mo ti dé, ẹ ò jókòó, ẹ ò kí mi délé. 'Ìka méjì,' ẹ ti lọ! Sítíkà yẹn, Alákòóso ló ní kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo nǹkan. Ẹ lọ bá a jà."

Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Àwọn ọdún tó fi wà pẹ̀lú ẹni tó ń tọ́jú sítọ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn méjèèjì nìkan ló mọ̀ pé rọ́bà yẹn ní ìtumọ̀. Ẹni yẹn ti fẹ̀yìn tì. Ó sì ti pẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ ti ka ọ̀rọ̀ wínníwínní yẹn gbẹ̀yìn. Rọ́bà ló ń kà.

Agogo mẹ́ta kọjá díẹ̀ nígbà tó dé ọ́fíìsì Alákòóso, ìka méjì tó kọ́kọ́ mú ní sítọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun wà látẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ti ṣí sítíkà wọn. Ẹni ìta ti dé. Géńdé ọkùnrin kan ni, ó jókòó pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ tó dára ju ti Bàbá Wáyà lọ nígbà mẹ́wàá, ìwé àdéhùn sì wà lórí tábìlì. Alákòóso ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ wá wo iṣẹ́ ọmọlúàbí, Bàbá Wáyà. Ó wọlé báyìí, ọ̀gá láàbù pè mí pé èsì ti ń lọ! Kò tíì ṣí àpò o."

Bàbá Wáyà rò pé ẹ̀jẹ̀ fẹ́ gba imú òun jáde. "Sà, èmi ni mo ṣe é. Kó tó dé."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ṣe é láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun?"

Bàbá Wáyà kó ìka méjèèjì lé ọwọ́ géńdé náà. "Àbúrò, bá mi wò ó."

Géńdé náà gbé wọn súnmọ́ fèrèsé, ó ka ara ọ̀kan, ó ka ara èkejì, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n! Ọjọ́ mélòó ni èyí fi jẹ yín níyà?"

"Mẹ́rin."

"Ẹ tiẹ̀ ṣe dáadáa. Ọ̀sẹ̀ kan ni irú ẹ̀ gbà mí lọ́dún tó kọjá, mo tiẹ̀ ti ní kí wọ́n hú gbogbo ilẹ̀." Ó kọjú sí Alákòóso. "Sà, èmi ò fọwọ́ kan nǹkan kan o. Ẹ̀gbọ́n ló tún un ṣe. Kò sí iṣẹ́ mi níbí lónìí."

Alákòóso ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wo ìwé àdéhùn, ó wo Bàbá Wáyà. "Èsì kúẹ́rì mi dà?"

Bàbá Wáyà yá kálámù lórí tábìlì. Orúkọ Ìyá Sítọ̀ dé ẹnu kálámù náà, ó kù díẹ̀ kó kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ sítíkà náà dé ibẹ̀, kò kọ ìyẹn náà, torí ẹni tó ní kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ ló jókòó síwájú rẹ̀ yẹn. Ó kọ ìlà kan péré, ó sì tì í sí i: "Rọ́bà tó di ìka méjì pọ̀ ni mo gbẹ́kẹ̀ lé, mi ò ka ohun tí wọ́n kọ sára wọn."

Alákòóso kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Rọ́bà wo?"

Ó di dandan kí Bàbá Wáyà bẹ̀rẹ̀ láti orí okùn tí àwọn oníkòtò já. Géńdé náà ń bá a fi ọwọ́ júwe. Nígbà tó dé ibi akọ àti abo, Alákòóso na ọwọ́ sókè pé ó tó. Ó mú ìwé àdéhùn tí kò tíì fọwọ́ sí, ó wò ó bí ẹni tó ń wo oúnjẹ tó ṣì lè jẹ lọ́la. Kò fà á ya. Ó fi í sínú dúrọ́ọ̀, ó sì tì í.

"Ẹ ṣì wà nídìí wáyà, Bàbá Wáyà. Ẹ lọ sí sítọ̀, ẹ̀yin àti Ìyá Sítọ̀, ẹ ṣí sítíkà ara gbogbo ìka yẹn kẹ́ ẹ tó lọ sílé. Ẹ lẹ òmíràn mọ́ ọn tí kò ní bo ohunkóhun. Ẹ kọ akọ, ẹ kọ abo."

"Ọjọ́ Ẹtì rèé, sà. Gbogbo wọn jẹ́ ogún."

"Mo mọ ọjọ́ tí òní jẹ́."

Bàbá Wáyà jáde. Kò sẹ́ni tó ní ẹ ṣeun. Ní ìsàlẹ̀, Ìyá Sítọ̀ ti kó gbogbo ìka náà dà sórí tábìlì, wọ́n ti dàpọ̀ mọ́ra wọn pátápátá, ó sì ń fi èékánná ha sítíkà àkọ́kọ́ tó kọ̀ tí kò fẹ́ ṣí.

"Ẹ jókòó," obìnrin náà wí, kò gbójú sókè. "Lónìí, ẹ máa jókòó."